Òjò Ló Fà Á Ni, Àbí Ọwọ́ Èèyàn? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Ewéko Agbègbè Odò

Ìbéèrè tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí ewéko àti odò pọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Kí a tó bẹ̀rẹ̀: ohun tí a ń pè ní agbègbè odò nínú gbogbo ìdáhùn wọ̀nyí ni gbogbo ilẹ̀ tí òjò tó bá rọ̀ sórí rẹ̀ yóò ṣàn wá sínú odò kan náà, láti orí òkè tó jìnnà jù títí dé ẹnu odò. Kì í ṣe etí omi nìkan. Ẹni tó ń gé igi ní 100 kìlómítà sí odò lè wà nínú agbègbè odò náà, bí kò tilẹ̀ tíì fojú kan odò ọ̀hún rí.

ÌBÉÈRÈ: Ewéko ń dínkù ní agbègbè odò tí à ń ṣọ́. Àwọn kan ní òjò tí kò rọ̀ dáadáa mọ́ ló fà á, àwọn mìíràn ní àwọn àgbẹ̀ àti darandaran ni. Báwo ni èèyàn ṣe ń dá a mọ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ́kọ́ wo bí ibi tó gbẹ náà ṣe rí nínú àwòrán tí wọ́n yà láti òkè. Òjò kì í mọ ààlà. Bí ọ̀dá bá dá, yóò mú oko, yóò mú igbó, yóò mú ilẹ̀ tí ẹran ń jẹ̀ àti èyí tí wọ́n sọgbà yí ká, kò sì ní í dúró lójijì létí títì. Bí àyípadà náà bá ní igun, tó gún régé bí ìlà, tó pín sí méjì níbi ọgbà wáyà, tàbí tó ń tẹ̀lé ọ̀nà tuntun wọ inú igbó lọ, ẹ wá ọwọ́ èèyàn níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo àkókò. Igbó tí wọ́n gé máa ń pòórá láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibi tí ọ̀dá mú máa ń sọjí nígbà tí òjò bá padà, bí gbòǹgbò kò bá tíì kú.

Ojú lásán ni ìyẹn o. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìṣirò dì í mú, ẹ yọ ipa òjò kúrò, kí ẹ wo ohun tó ṣẹ́ kù. Ẹ ó nílò ìwọ̀n ewé láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, ìyẹn NDVI tí a ṣàlàyé nínú ìdáhùn tó tẹ̀lé èyí, àti ìwọ̀n òjò àwọn ọdún kan náà. Ọdún 15 ló kéré jù, 20 ló sàn jù. Àkọsílẹ̀ òjò CHIRPS wà lọ́fẹ̀ẹ́ láti 1981, píksẹ́lì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹyọ kékeré tí àwòrán pín sí, sì fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 5. Fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ẹ mú NDVI tó ga jù lọ nínú ọdún, kí ẹ sì mú àròpọ̀ òjò tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ tò wọ́n sórí àwòrán onílà, òjò nísàlẹ̀, NDVI lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ fa ìlà tó súnmọ́ gbogbo àmì náà jù. Ìlà yẹn ló ń sọ iye ewé tó yẹ kí òjò ọdún kan mú jáde. Ẹ yọ iye yìí kúrò nínú èyí tí sátẹ́láìtì rí gan-an, kí ẹ sì to èyí tó ṣẹ́ kù tẹ̀ léra láti ọdún dé ọdún. Bí ó bá ń lọ sísàlẹ̀, ilẹ̀ náà ń mú ewé jáde tí kò tó ohun tí òjò rẹ̀ yẹ kó mú wá. Bí ó bá ń gòkè, nǹkan kan ń ràn án lọ́wọ́: ìbomirin, ajílẹ̀, igi tí wọ́n gbìn, tàbí ẹran tó ń jẹ̀ níbẹ̀ tó dínkù.

Ibi tí èèyàn ti ń kọsẹ̀ jù ni oṣù. Koríko kì í ní ewé lọ́jọ́ tí òjò rọ̀. Ó máa ń tó oṣù kan sí méjì kí ipa òjò tó hàn, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ jìn sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ dán òjò oṣù kan, méjì, mẹ́ta títí dé mẹ́fà wò, kí ẹ mú èyí tó bá NDVI rìn jù. Níbi tí òjò àti ewé kò bá bára wọn rìn rárá, bí oko tí wọ́n ń bomi rin, àbàtà, tàbí igbó tó ń gba òjò lọ́dún yíká, ẹ má lo ọ̀nà yìí níbẹ̀ rárá, nítorí kò sí ipa òjò kankan láti yọ. Àṣìṣe mìíràn wà tó fara pamọ́: bí ilẹ̀ bá ti ń bàjẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀, tí òjò náà sì ń dínkù lásìkò kan náà, ìlà yín yóò ka ìbàjẹ́ mọ́ òjò. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ fi àwọn ọdún tí ilẹ̀ ṣì dára fa ìlà náà, kí ẹ wá fi wọn àwọn ọdún tó kù. Ẹ má sì pe gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù ní ọwọ́ èèyàn. Ooru, kòkòrò, iná, àti carbon dioxide tó ń pọ̀ sí i nínú afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ọdún tí ẹ bẹ̀rẹ̀ tún ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ìwé ìwádìí ṣe ń fi hàn lọ. Ọ̀dá ńlá mú Sàhẹ́lì, ìyẹn ilẹ̀ gbígbẹ tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, láti 1968 sí 1974, ó tún mú un ní 1983 àti 1984. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní 1984 yóò rí i pé gbogbo ibẹ̀ ń tutù yọ̀yọ̀ láti ìgbà náà, nígbà tó jẹ́ pé òjò tó padà ló pọ̀ jù nínú ohun tó rí. Síbẹ̀, kì í ṣe òjò nìkan: ní Maradi àti Zinder ní orílẹ̀-èdè Niger, láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn àgbẹ̀ ti ń dá kùkùté igi sí nínú oko kó lè rú padà, ilẹ̀ tí èyí kàn sì tó nǹkan bí mílíọ̀nù hẹ́kítà 5. Nígbà tí ẹ bá ń wá bóyá nǹkan ń gòkè tàbí ń lọ sílẹ̀, ẹ lo ìdánwò Mann-Kendall (ó ń sọ bóyá nǹkan ń gòkè tàbí ń lọ sílẹ̀ lóòótọ́) pẹ̀lú ìdagẹ̀rẹ́ Sen (ó ń sọ bó ṣe yá tó), torí ọdún burúkú kan ṣoṣo ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ìparí kì í tètè ṣi àwọn wọ̀nyí lọ́nà.

ÌBÉÈRÈ: Mo ṣírò NDVI láti inú àwòrán sátẹ́láìtì Landsat. Igbó tó dí dáadáa fún mi ní 0.29 péré. Ṣé igbó náà ń kú ni?

ÌDÁHÙN: Kò sóhun tó ṣe igbó náà. Ó jọ pé orí nọ́ńbà tútù inú fáìlì, èyí tí ẹ kò tíì tún ṣe, lẹ ti ṣe ìṣirò yín. Ewé tó yè máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì láti fi ṣe oúnjẹ, ó sì máa ń ju near infrared, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò lè rí, padà sókè. NDVI ni near infrared tí a yọ pupa kúrò nínú rẹ̀, tí a wá fi àròpọ̀ àwọn méjèèjì pín. Sátẹ́láìtì ń ka irú ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú band tirẹ̀. Lórí Landsat 8 àti 9, band 5 ni near infrared, band 4 ni pupa. Lórí Landsat 5 àti 7, band 4 àti band 3 ni. Lórí sátẹ́láìtì Sentinel-2, band 8 àti band 4.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà inú fáìlì Landsat tí wọ́n ń pè ní Collection 2, Level 2, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.0000275, kí ẹ yọ 0.2 kúrò. Ẹ wo píksẹ́lì kan tí pupa rẹ̀ jẹ́ 10000, tí near infrared rẹ̀ jẹ́ 18000. Bí ẹ bá lò wọ́n bẹ́ẹ̀, NDVI yóò jẹ́ 8000 tí a fi 28000 pín, ìyẹn 0.29. Bí ẹ bá tún wọn ṣe, pupa di 0.075, near infrared di 0.295, NDVI sì di 0.59. Ilẹ̀ kan náà ni o. Ti Sentinel-2 ní ẹ̀tàn tirẹ̀: láti January 25, 2022 ni wọ́n ti ń fi 1000 kún nọ́ńbà inú àwọn fáìlì tuntun, nítorí náà ẹ yọ 1000 kúrò kí ẹ tó fi 10000 pín. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò kéde pé ewéko já wálẹ̀ ní 2022.

Ní ìwọ̀n tó jẹ́ tòótọ́, omi sábà máa ń wà lábẹ́ òdo, ilẹ̀ ìhòòhò ní nǹkan bí 0.1 sí 0.2, koríko tó fọ́nká ní 0.2 sí 0.4, igbó tó dí ní 0.6 sí 0.9. Bí ó bá ti kọjá 0.8, NDVI kò fi bẹ́ẹ̀ gòkè mọ́ bí ewé tilẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ẹ lo EVI níbẹ̀, ìwọ̀n ewé mìíràn tí kì í tètè dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ fi àmì QA_PIXEL tó wà pẹ̀lú àwòrán Landsat yọ ìkúukùu àti òjìji rẹ̀ kúrò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, nítorí ìkúukùu máa ń fa NDVI wálẹ̀, àkókò òjò tí ewé pọ̀ jù ló sì pọ̀ jù. Landsat 7 ní ìlà dúdú lórí àwòrán rẹ̀ láti May 31, 2003. Ohun kan tún ni pé NDVI kò mọ orúkọ ewé. Adágún tí ewéko àjèjì bo lójú pátápátá yóò fún yín ní nọ́ńbà tó dùn ún wò.

ÌBÉÈRÈ: Àròpọ̀ òjò wa lọ́dún kò yí padà láti 30 ọdún, síbẹ̀ koríko ń gbẹ kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Báwo ló ṣe jẹ́?

ÌDÁHÙN: Àròpọ̀ ọdún máa ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. 900 mìlímítà tó pín sí ọjọ́ 90 kì í ṣe bákan náà pẹ̀lú 900 tó rọ̀ ní ọjọ́ 45. Èyí àkọ́kọ́ ń wọnú ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èkejì ń di ọ̀gbàrá, ó ń gbé ilẹ̀dú lọ, ó sì ń fi àlàfo ọ̀gbẹlẹ̀ gígùn sílẹ̀ láàárín òjò méjì. Ẹ padà sínú àkọsílẹ̀ yín, kí ẹ ka ọjọ́ tí òjò tó mìlímítà 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ rọ̀, ẹ ka àlàfo tó gùn jù láìsí òjò lọ́dún kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí òjò bẹ̀rẹ̀ gan-an. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ni ìdáhùn wà.

Ooru ni ìkejì. Bí afẹ́fẹ́ bá gbóná sí i ní dígírì 1, ó lè gba oru omi (omi tó ti di afẹ́fẹ́) tó fi nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Òùngbẹ rẹ̀ pọ̀ sí i nìyẹn, ilẹ̀ àti ewé ló sì ń fà á lára wọn. Ewé yóò pa ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ dé kí omi má baà tán, bẹ́ẹ̀ ihò yẹn náà ni afẹ́fẹ́ tó fi ń ṣe oúnjẹ ń gbà wọlé. Kò gbẹ, ṣùgbọ́n kò dàgbà.

Ẹ̀kẹta, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ lè ti dì, pátákò ẹran àti taya katakata a máa tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ lè wọ̀n ọ́n fúnra yín. Ẹ wá òrùka irin tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ fi òòlù àti pákó kàn án wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, láìmì í sọ́tùn-ún sósì kí omi má baà gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Ẹ fi aṣọ bo ilẹ̀ inú rẹ̀, ẹ da omi sí i dé sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ yọ aṣọ náà kúrò, kí ẹ wo iye tí omi fi lọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ kì í sọ òótọ́, torí ilẹ̀ gbígbẹ a máa mu kíákíá. Ẹ máa bá a lọ, kí ẹ máa bu omi kún un, títí ìwọ̀n náà yóò fi dúró lójú kan. Bí kò bá tó mìlímítà 15 ní wákàtí kan, èyí tó pọ̀ jù nínú òjò ńlá ni yóò ṣàn lọ láìwọ ibẹ̀. Ẹ ṣe é lábẹ́ igi, ẹ tún ṣe é lórí ilẹ̀ ìhòòhò tí kò jìnnà síbẹ̀. Bí ìyàtọ̀ bá pọ̀, kì í ṣe ojú ọjọ́ nìkan lẹ ó máa bá wí.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé gbogbo iná ìgbẹ́ ló ń ba ewéko jẹ́?

ÌDÁHÙN: Rárá. Àkókò ni. Iná tí wọ́n dá ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ṣì ní omi díẹ̀ lára, kì í gbóná púpọ̀, a sì máa fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní àbùlà, ibìkan jó, ibìkan kò jó. Iná ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pa igi kéékèèké, tó ń jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ bá ilẹ̀ ní ìhòòhò. Bí iná bá ń wá lọ́dọọdún, igi kò ní ráyè ga tó ibi tí ọwọ́ iná kò ti ní í bà á mọ́, ilẹ̀ náà yóò sì di ti koríko nìkan.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní bí a bá gbin igi sórí òkè, omi odò yóò pọ̀. A gbìn ín. Ọdún kẹjọ rèé, omi ẹ̀ẹ̀rùn ń dínkù. Kí ló dé?

ÌDÁHÙN: Igi ń mu omi ni. Gbòǹgbò rẹ̀ jìn ju ti koríko lọ, ewé rẹ̀ ń gba òjò sókè tí oòrùn sì ń gbà á padà kó tó kan ilẹ̀, ó sì ń mu omi nígbà tí koríko ti gbẹ. Àwọn olùwádìí méjì, Bosch àti Hewlett, kó àbájáde agbègbè odò 94 jọ ní 1982. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí igi páìnì tàbí eucalyptus bá gba ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ kan, omi tó ń ṣàn jáde lọ́dún ń dínkù ní nǹkan bí mìlímítà 40. Ti igi eléwé fífẹ̀ tó ń wọ́wé jẹ́ nǹkan bí 25. Fún ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 50 kìlómítà onígun mẹ́rin (square kilometre), 40 mìlímítà yẹn jẹ́ mílíọ̀nù 2 cubic metre omi lọ́dún. Kì í ṣe kékeré. Nítorí irú èyí ni South Africa ṣe bẹ̀rẹ̀ ètò Working for Water ní 1995, tí wọ́n ń gé igi àjèjì kúrò létí omi.

Ẹ wo Odò Yẹ́lò ní Ṣáínà. Ní 1997, omi rẹ̀ kò dé òkun fún ọjọ́ 226. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í sọ oko orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ di igbó àti koríko ní 1999. Ewéko pọ̀ sí i débi tí sátẹ́láìtì fi rí i, ẹrẹ̀ tí odò náà ń gbé, tó máa ń tó nǹkan bí bílíọ̀nù 1.6 tọ́ọ̀nù lọ́dún tẹ́lẹ̀, sì ti já wálẹ̀ sí ìwọ̀n tí kò tó ìdá mẹ́rin rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìdídò àti ilẹ̀ tí wọ́n gé ní àtẹ̀gùn náà ní ipa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2016 àwọn olùwádìí kìlọ̀ pé igi gbígbìn ibẹ̀ ti ń súnmọ́ ibi tí omi tó wà kò ní tó fún igi àti èèyàn mọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ méjì ni, ẹ ò lè ta ọ̀kan kí ẹ má ka èkejì: ilẹ̀ dúró, omi dínkù.

Ṣé kí ẹ fa igi yín tu? A kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ dín in kù. Ìwádìí kan ní Burkina Faso, tó jáde ní 2016, fi hàn pé igi tó wà níwọ̀ntúnwọ̀nsì ló ń jẹ́ kí omi abẹ́ ilẹ̀ pọ̀ jù, nítorí gbòǹgbò ń la ọ̀nà fún omi wọlẹ̀ nígbà tí igi kò tíì pọ̀ débi tí yóò mu ún tán. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìsun omi, kí ẹ yọ eucalyptus kúrò níbẹ̀ kọ́kọ́, kí ẹ fi igi ìbílẹ̀ tó fọ́nká rọ́pò rẹ̀. Ẹ má gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, torí ọ̀gbàrá ọdún kan lè kó ilẹ̀ tí igi fi ọdún mẹ́jọ dì mú.

ÌBÉÈRÈ: Lẹ́yìn tí wọ́n dí odò lókè, àwọn igi ńlá ìsàlẹ̀ odò ń gbẹ láti orí wá, bẹ́ẹ̀ omi díẹ̀ ṣì ń ṣàn lọ́dún yíká. Kí ló ń pa wọ́n?

ÌDÁHÙN: Igi etí odò kì í sábà mu omi tó ń ṣàn lójú ilẹ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ tí ìkún omi ń kún padà lọ́dọọdún ló ń mu. Nígbà tí ìkún kò bá sí mọ́, omi yẹn ń lọ sísàlẹ̀, ẹ̀ka orí tó jìnnà sí gbòǹgbò jù ló sì ń kọ́kọ́ gbẹ. Ìdídò tún máa ń ka ẹrẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Omi tó bá mọ́ láìní ẹrẹ̀ yóò gbẹ́ ìsàlẹ̀ odò jìn, omi abẹ́ ilẹ̀ yóò sì tún bá a lọ sísàlẹ̀. Igi tó ti gbó nìkan lẹ ń rí. Ẹ wá ọmọ igi lábẹ́ wọn, ẹ ó rí i pé kò sí. Hóró àwọn igi bíi willow àti poplar kì í yè ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Ó gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ẹrẹ̀ tútù tí ìkún ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Lẹ́yìn tó bá hù, bí omi abẹ́ ilẹ̀ bá ń sá ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2.5 lójúmọ́ lọ, gbòǹgbò rẹ̀ kò ní í bá a.

Odò Tarim ní ìwọ̀ oòrùn Ṣáínà ni àpẹẹrẹ tó yéni jù. Lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ adágún Daxihaizi ní 1972, ìsàlẹ̀ odò náà gbẹ fún ohun tó ju 300 kìlómítà lọ, àwọn igi poplar aṣálẹ̀ sì ń kú. Láti 2000 ni wọ́n ti ń tú omi sílẹ̀ fún un, ewé sì padà, àmọ́ nítòsí ojú odò ni. Àwọn igi ọ̀ọ́kán kò fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan gbà.

Kí ẹ tó lọ bá àwọn tó ń ṣàkóso ìdídò, ẹ ní nọ́ńbà lọ́wọ́. Ẹ ri páìpù oníhò tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 mọ́lẹ̀ ní mítà 10, 50, 100 àti 200 sí odò, kí ìdí wọn kọjá ibi tí omi ń lọ sílẹ̀ dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ wọn omi inú wọn lóṣooṣù fún ọdún kan. Ohun tí ẹ ó bẹ̀bẹ̀ fún kì í ṣe omi púpọ̀ sí i lọ́dún yíká. Ìkún kan ṣoṣo ni, lásìkò tí igi ń já hóró, kí wọ́n sì dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan dípò kí wọ́n ti ilẹ̀kùn omi lọ́jọ́ kan.

ÌBÉÈRÈ: Bèbè odò wa ń ya lulẹ̀. Mítà mélòó la gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀, báwo la ó sì ṣe gbin nǹkan sí i?

ÌDÁHÙN: Mítà 10 lè di bèbè mú. Bí ẹ bá fẹ́ kó sẹ́ ẹrẹ̀ àti ajílẹ̀ tó ń ti oko bọ̀, ẹ fi 30 sílẹ̀, kí ẹ fi kún un níbi tí ilẹ̀ bá da gẹ̀rẹ́. Koríko etí omi ni kó wà nísàlẹ̀ pátápátá, igi kúkúrú tó ń tẹ̀ láìṣẹ́ lé e, igi ńlá lókè. Ẹ má gbin igi ńlá sórí bèbè tó ti lanu, ìwúwo rẹ̀ ni yóò fà á lulẹ̀.

Ẹ̀ka tútù ló rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀, láti ara igi ìbílẹ̀ tó ń hù bí a bá rì í mọ́lẹ̀. Ẹ gé e ní gígùn mítà 1, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 5, nígbà tí igi kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í rú ewé tuntun. Ẹ gé ìdí rẹ̀ ní ṣóńṣó, kí ẹ gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà gbìn ín lódì. Ojú ewé gbọ́dọ̀ kọjú sókè. Ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ kan, ó kéré tán. Ẹ fi irin la ihò kí ẹ tó kì í bọ̀ ọ́, torí òòlù lásán a máa fọ́ orí rẹ̀, kí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ wà nínú ilẹ̀, kí ìdí rẹ̀ dé ibi tí ilẹ̀ ti tutù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Àlàfo afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń pa á jù. Láàárín ọ̀kan sí èkejì, sẹ̀ǹtímítà 60 sí mítà 1. Ẹ sọgbà sí i fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì ṣe ọ̀nà olókùúta kan fún ẹran láti máa gbà mu omi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ó ja ọgbà náà. Ẹ kà wọ́n lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, kì í ṣe lẹ́yìn oṣù kan, nítorí ẹ̀ka tó ti kú lè fi omi ara rẹ̀ rúwé kí gbòǹgbò tó yọ.